Ìlà Tí Mo Kọ Sábẹ́ Ìwé

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi la ikùn ẹja
ní ilé-iṣẹ́ ẹja alágolo, létí òkun Talcahuano.
Ẹ lè pe òkun yẹn ní tútù;
ẹ ò tíì ki ọwọ́ bọ omi rẹ̀ láago mẹ́rin òwúrọ̀, nínú oṣù keje,
tí ẹyẹ òfú tò sórí òrùlé bí alábòójútó,
tí wọ́n ń wo ẹni tó sinmi.
Ọ̀bẹ mi, mo pọ́n ọn pọ́n ọn títí ó fi tín-ín-rín bí ìka.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní iṣẹ́ parí,
Ọ̀gbẹ́ni Oyarzo, akọ̀wé owó,
pè wá ní méje-méje wọ yàrá tí a ti ń wọn ẹja.
Ó bu bisikíìtì sínú àwo. Kò sẹ́ni tó mú un.
Ìwé wà nílẹ̀, bírò wà lórí ìwé:
“Mo jẹ́rìí pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi pátá.”
Mo ní, gbogbo wo?
Owó ọdún mẹ́rin ni mo rí níbẹ̀.
Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti bá omi lọ.
Ó ní, “Ìyáàfin Eduvina, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i.
A ó san án ní ìdá mẹ́fà.”

Rosamel fọwọ́ sí i: ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn.
Delmira fọwọ́ sí i: kò mọ̀wé kà, ojú ń tì í láti wí.
Èmi náà fọwọ́ sí i. Ẹ má bú mi.
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ mi, níbi tí àyè bíńtín ṣẹ́kù,
mo kọ ọ́ wínníwínní:
*Mi ò tíì gbà á tán. Ọ̀rọ̀ wa ò tíì parí.*
Oyarzo rí i. Etí rẹ̀ pọ́n bí edé inú omi gbígbóná.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó mú bisikíìtì kan, ó jẹ ẹ́.

Ìdá kìíní dé; mo fi san gbèsè gáàsì.
Ìdá kejì dé láàbọ̀.
Ìdá kẹta ni mò ń retí láti oṣù kọkànlá.
Wọn ò san án, ara mi náà ò sàn;
èjìká ọ̀tún kì í jẹ́ kí n sùn.

Mo padà lọ sẹ́nu géètì. Wọ́n ti kùn ún láwọ̀ ewé.
Orúkọ tuntun ló wà lórí rẹ̀,
ajá àtijọ́ ló wà nídìí rẹ̀.
Ajá dá mi mọ̀, ó jùrù.
Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́nà kò jùrù ní tirẹ̀:
“Ìyá, ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń wí yẹn ti kú.”
Ó kú! Ta ló sin ín?
Òkú wo ló ń fi símínì tú èéfín?
Òkú wo ló ń ra ọkọ̀ ìpẹja tuntun?
Ọmọ mi, èmi tí mo mọ ẹja ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀:
ẹja a máa jẹrà,
gbèsè kì í jẹrà.

Ní ọ́fíìsì ìjọba, nọ́ńbà kẹrìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n já fún mi.
Òjò ń rọ̀. Gbogbo wa ń rùn bí aṣọ tútù.
Ọmọbìnrin inú fèrèsé, tí ọ̀fìnkìn ń bá jà,
ka ìwé mi dé ìsàlẹ̀,
ó tún un kà, ó dìde, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.
Ó ní kí n lọ jókòó dè wọ́n.

Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì?
Oyarzo. Fìlà lọ́wọ́, nọ́ńbà karùndínláàádọ́rùn-ún,
ìwé tirẹ̀ ní ìká mẹ́rin lórí itan.
Wọn ò san tirẹ̀ náà.
Ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀ funfun báláú.
Ó pẹ́ kó tó bi mí pé,
“Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn gan-an, níjọ́sí?”

Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo òjò.
Mo sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.
Díẹ̀ ni o.